Àlejò Sàwúdátù Kò Sùn Síta

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, níbo lèèyàn ti lè pa àgọ́ nílùú yín, tí kò ní wọ́n?"

Ìbéèrè tí ọkùnrin náà fi bá mi nìyẹn. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé wa ní Aboabo, ní Kumasi, mo ń ṣa ìrẹsì, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kí ìrun Alásárì tán. Mo gbójú sókè. Kẹ̀kẹ́ ni mo kọ́kọ́ rí, kí n tó rí ẹni tó dì í mú. Ẹrù wà níwájú kẹ̀kẹ́ náà, ẹrù wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹrù tún rọ̀ sí ìhà rẹ̀ méjèèjì bí ìgbà tí wọ́n di ọjà lé kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Ẹni tó dì í mú ti dàgbà, irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun. Eruku pupa ti bo bàtà rẹ̀ débi pé n kò lè sọ àwọ̀ tí bàtà náà ní.

Yorùbá ló sọ, Yorùbá Ògbómọ̀ṣọ́ pọ́nńbélé, tí kò sí Twi nínú rẹ̀, tí kò sí Haúsá. Àwa tibí, bí a bá fi Yorùbá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, Twi la máa ń fi parí rẹ̀.

Mo ní, "Àgọ́ wo? Ṣé ti ọlọ́pàá?"

"Rárá o, Ìyá. Àgọ́ aṣọ, èyí tí mo dì sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ yìí. Ilẹ̀ tí kò ju ẹní méjì lọ ti tó mi. Bílẹ̀ bá ti mọ́, mo ti lọ."

Mo ro ọ̀rọ̀ náà dáadáa, nítorí n kì í dáhùn ohun tí n kò mọ̀. Kumasi ni wọ́n bí mi sí. Mo mọ ibi tí wọ́n ti ń ta pákó, mo mọ ibi tí wọ́n ti ń ta ata, mo mọ ibi tí wọ́n ń sin òkú sí. N kò mọ ibi tí wọ́n ti ń yá ẹni tó gbé ilé rẹ̀ sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ ní ilẹ̀ alẹ́ kan. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un.

Kò bínú. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Ìyá. Ẹni tó ní òun kò mọ̀ sàn ju ẹni tó júwe ibi tí kò sí." Lẹ́yìn náà ló wá béèrè èyí tó yẹ kó fi bẹ̀rẹ̀: "Ṣé ẹ mọ Sàwúdátù, Ìyá Zàhràh, tó ń rán tapólì?"

Mo gbé àwo ìrẹsì sílẹ̀.

Yàrá Sàwúdátù ló kángun sí tèmi, ògiri kan ló pín wa. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá rẹ̀ ti wá, bíi ti bàbá tèmi, ṣùgbọ́n ìlú yìí ni wọ́n bí i sí. Yaseer ọkọ rẹ̀ ló ń rán tapólì ní Anloga Junction, èyí tí àwọn onípákó fi ń bo pákó nítorí òjò, tí àwọn awakọ̀ akẹ́rù sì fi ń bo ẹrù. Nígbà tí Yaseer kú, tí Sàwúdátù sì ṣe opó tán, gbogbo ayé ní kó ta ẹ̀rọ náà. Wọ́n ní abẹ́rẹ́ tapólì kì í ṣe abẹ́rẹ́ obìnrin. Kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó lọ jókòó sídìí ẹ̀rọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí rán. Èyí tó kọ́kọ́ rán wọ́ bí ẹnu arúgbó. Èyí tó ń rán báyìí, òjò kì í rí ojú abẹ́rẹ́ rẹ̀ gbà kọjá. Ọwọ́ rẹ̀ ti le, ó ti yi bí àtẹ́lẹsẹ̀. Àwọn Aṣáńtí onípákó ń pè é ní Maame Tapólì, wọn kì í sì í bá a dúnàádúrà lẹ́ẹ̀mejì.

Obìnrin yìí kò bẹ̀rù onílé, kò bẹ̀rù awakọ̀. Ohun kan ṣoṣo ló ń bẹ̀rù, ó sì jìnnà sí i púpọ̀: ẹnu Hàlímọ̀, àbúrò ìyá rẹ̀, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ìgbà kan péré ni Sàwúdátù dé ọ̀hún, nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ délé ọkọ. Ó kúnlẹ̀ kí Hàlímọ̀. Hàlímọ̀ wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní, "Ṣé ìkúnlẹ̀ nìyẹn, àbí o ń wá abẹ́rẹ́ nílẹ̀? Ọmọ Gáná, wọn kì í mọ àṣà." Sàwúdátù ti ní ọmọ, ó ti ní ọmọ-ọmọ, kò tíì gbàgbé. Gbogbo aṣọ àti gbogbo ọṣẹ tó ń fi ránṣẹ́ sí Hàlímọ̀ láti ìgbà náà wá, ìkúnlẹ̀ yẹn ló ń fi tún ṣe.

Nígbà tó dé láti Anloga ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, tó bá àlejò lẹ́nu ọ̀nà, ọkùnrin náà dìde, ó tẹrí ba.

"Ìyá Zàhràh, Ọláníyọnu lorúkọ mi. Tíṣà ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Ògiri ilé wa àti ti Ìyá Hàlímọ̀ ló so pọ̀. Wọ́n ní kí n kí yín kú iṣẹ́." Ó tú ọ̀kan nínú àwọn ẹrù rẹ̀, ó mú dáńkùwà tí wọ́n fi ewé wé jáde. "Wọ́n ní kí n fún yín. Wọ́n sì ní bí mo bá ti dé Kumasi, n kò gbọdọ̀ sun ibòmíràn, àfi ọ̀dọ̀ yín."

Sàwúdátù gba dáńkùwà. Ó kí i káàbọ̀, ó bèèrè ilé, ó bèèrè ọmọ, ó bèèrè ọ̀nà. Ṣùgbọ́n mo rí ojú rẹ̀. Yàrá kan ló ní, ibùsùn kan ló wà níbẹ̀, opó sì ni.

Bàlkísù, ìyàwó Alhaji Sàláhúdéènì tó jẹ́ baálé ilé wa, ti yọrí láti ibi ìdáná. Ẹnu Bàlkísù kì í sinmi, rédíò Aboabo la máa ń pè é.

"Ìyá Zàhràh, ọkọ dé o! Ọkọ gun ẹṣin irin wá!"

Sàwúdátù ní, "Bàlkísù, ọbẹ̀ rẹ ń jó."

"Kó jó! Ọbẹ̀ á tún wà lọ́la."

A fún àlejò ní omi, a bu túwó fún un. Ó jẹun bí ẹni tó ti ń fi ẹsẹ̀ ṣiṣẹ́. Bàlkísù bi í ohun tó gbé e gun kẹ̀kẹ́ láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé ìhín, nígbà tí mọ́tò kún ojú títì. Ó ní Tàmálè ni wọ́n bí òun sí. Bàbá òun ń ṣòwò níbẹ̀ kí ìjọba tó ní kí àlejò tí kò ní ìwé máa lọ, ọmọdé lòun nígbà tí wọ́n gbé òun kúrò. Òun ti sọ ọ́ fún ara òun pé bí òun bá fẹ̀yìn tì, òun á padà lọ wo ibẹ̀, ẹsẹ̀ òun lòun á sì fi lọ. Ṣùgbọ́n owó ìfẹ̀yìntì tíṣà kò pọ̀. Bí òun bá ń gba yàrá lálaalẹ́, Kumasi yìí ni owó á ti tán, òun á gbé kẹ̀kẹ́ sórí mọ́tò, òun á padà sílé láì rí Tàmálè.

"Ìdí tí mo fi ń wá ilẹ̀ nìyẹn. Ìyá, ọ̀nà tó gùn kọ́ ló ń dá èèyàn lágara. Ìrọ̀lẹ́ ni. Bí oòrùn bá ti yẹ̀ báyìí, ojú mi kì í kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì mọ́."

Ó sọ fún wa bó ṣe ń ṣe é. Ní Badagry, ó sùn lọ́gbà ilé-ìwé, nítorí tíṣà bíi tirẹ̀ ló ni ọgbà. Létí òkun ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, lọ́nà Wida, ó rí ibi tí wọ́n là sílẹ̀ fún alágọ̀ọ́, omi wà, iná wà, owó rẹ̀ kò sì ju owó oúnjẹ lọ; ó ní òun fẹ́rẹ̀ẹ́ má kúrò níbẹ̀. Létí òkun Lomé àti ti Accra, irú ibẹ̀ wà, ṣùgbọ́n òyìnbó ni wọ́n fi ojú sí: owó tí wọ́n ń pè fún iyanrìn lásán, èèyàn á fi gba yàrá tó ní ilẹ̀kùn. Láti Accra wá, ẹ̀yìn ilé epo ló ń sùn. Ní Nkawkaw, ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì ni. Àwọn akọrin ń kọ́ orin lọ́wọ́ nígbà tó dé, wọ́n ní àfi kó bá wọn gbe ohùn ìsàlẹ̀ kí wọ́n tó fún un nílẹ̀.

"Ẹ sì gbe é?" Bàlkísù béèrè.

"Mo gbe é. Ohùn mi kò dára, ṣùgbọ́n ilẹ̀ náà tẹ́jú."

A rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ti kọ́ ọgbọ́n díẹ̀: kí oòrùn tó wọ̀ ni kéèyàn ti béèrè, kéèyàn má pa àgọ́ síbi tí ewúrẹ́ ń sùn, nítorí ewúrẹ́ á padà wá gba ilé rẹ̀, ìyá àgbà tó bá jókòó sẹ́nu ọ̀nà sì ni kéèyàn bi, nítorí ọkùnrin á kọ́kọ́ béèrè ìwé lọ́wọ́ èèyàn.

Bàlkísù pàtẹ́wọ́. "Ìyá Bàráká, ẹ ò gbọ́? Ogbó yín ló yá a lára!"

Mo ní, "Ogbó mi yá ọ lára náà, ìwọ tó ń yá iyọ̀ mi lójoojúmọ́."

Alhaji Sàláhúdéènì ti mọ́ṣáláṣí dé lákòókò náà. Ọmọ Ìlọrin ni, oníkéwú ni bàbá rẹ̀, kì í sọ̀rọ̀ kíákíá. Ó kí àlejò, ó gbọ́ tẹnu rẹ̀, ó sì mi orí.

"Tíṣà, àlejò kì í sùn síta nílé tí mo bá wà. Ẹ gbé ẹrù yín wá sí pálọ̀ mi. Ọjọ́ mẹ́ta ni ẹ̀tọ́ àlejò. Ẹ̀yìn ìrun Jímọ̀ lẹ ó máa lọ."

Ọ̀rọ̀ rere ni. Ṣùgbọ́n bó ṣe sọ ọ́ tán, ẹni méjì ni ara wọn kò lélẹ̀.

Ọláníyọnu dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ní, "Alhaji, Ọlọ́run á bù sí i fún yín. Ẹ jẹ́ n sọ òtítọ́. Èyí tó wọ́n jù lójú ọ̀nà, ọ̀fẹ́ ni. Mo wọ ilé àwọn ará wa ní Lomé, alẹ́ kan ni mo fẹ́ sùn. Wọ́n pa adìyẹ. Ṣé mo lè lọ lọ́jọ́ kejì tí wọ́n pa adìyẹ? Wọ́n mú mi lọ kí baálé, baálé mú mi lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò sì sí ibi tí mo lè dé lọ́wọ́ òfo. Nígbà tí mo fi kúrò níbẹ̀, ohun tí mo ná lórí ẹ̀bùn ti ju owó ilé ìtura lọ, òjò sì ti bẹ̀rẹ̀ níwájú mi. Lọ́la ni mo gbọ́dọ̀ máa lọ."

Ìkejì ni Sàwúdátù. Ó fà mí wọ yàrá rẹ̀.

"Ìyá Bàráká, ọ̀dọ̀ mi ni Ìyá Hàlímọ̀ rán an sí. Bó bá sùn ní pálọ̀ Alhaji, wọ́n á ní mo gbé àlejò mi ta fún ẹlòmíràn. Bó bá sùn nínú àgọ́ lágbàálá, wọ́n á ní mo lé e síta bí ajá. Bó bá sì wọlé níhìn-ín…" Ó wo ibùsùn rẹ̀.

"Ilé ìtura ńkọ́? Ọ̀kan wà lọ́nà Dichemso."

"Mo ti ní kí n san án. Ó kọ̀. Ìyá Hàlímọ̀ náà á sì ní, ṣé ilé ìtura lòun rán an sí ni?"

Ó jókòó sétí ibùsùn. Mo ti mọ̀ ọ́n láti ìgbà tí Yaseer wà láyé, n kò sì rí i kó jókòó bẹ́ẹ̀ rí, kí ọwọ́ rẹ̀ wà lórí itan láìṣe nǹkan kan.

Níkẹyìn ó dìde. Ó ní, bó bá jẹ́ pé àgbàlá náà ni, òun á ṣe é débi tí ẹnikẹ́ni kò ní pè é ní ìta. Ó jáde, ó ní kí Ọláníyọnu na àgọ́ rẹ̀ kóun wò ó. Ọkùnrin náà nà án, ó fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ gbé e ró, ó sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ẹni tó kọ́ ilé alájà. Sàwúdátù fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá yẹ aṣọ rẹ̀ wò.

"Tíṣà, ta ló ta èyí fún yín?"

"Wọ́n ní ti ilẹ̀ òkèèrè ni."

"Kí wọ́n dá a padà sí òkèèrè. Òjò Kumasi á gba inú rẹ̀ bí omi ṣe ń gba inú asẹ́."

Ó gbé tapólì tuntun kan jáde, èyí tó rán fún awakọ̀ tí kò tíì wá gbà á. Ó ta á láti ògiri dé igi máńgòrò, ó fi okùn fà á le, ó bo àgọ́ náà mọ́lẹ̀ pátápátá. Ó tẹ́ ẹní, ó gbé àga sí i, ó gbé kẹ́tù omi sí i. Ó di ibi tó dára lóòótọ́. Mo sọ fún un pé ó dára. Àwa méjèèjì ló yẹ kó ti mọ ohun tó kàn, a kò rò ó.

Ní Aboabo, bí wọ́n bá ta tapólì sí àgbàlá Mùsùlùmí lọ́jọ́ tí ẹnikẹ́ni kò sọ ọmọ lórúkọ, òkú ló kú.

Málàm Yúnúsà tó ń gbé lójúlé kejì ló kọ́kọ́ wọlé. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó rọra wọ abẹ́ tapólì, ó jókòó sórí ẹní, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì.

"Ìnná lílláhì. Ọlọ́run á forí jì í. Ta ni?"

Ọláníyọnu, tó ń tọ́jú taya kẹ̀kẹ́ rẹ̀ níbẹ̀, rò pé wọ́n ń bi òun ni ẹni tí òun jẹ́. Ó ní, "Èmi ni, Bàbá."

Málàm wò ó. Ó tún wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bóyá ó kanlẹ̀.

Kó tó rí nǹkan sọ, àwọn obìnrin ti ń fi ìborùn bo orí wọlé, ọ̀kan ti ń sunkún, kò sì tíì mọ ẹni tó ń sunkún fún. Ẹnìkan ti na ọwọ́ sí Alhaji, ó fún un lówó àánú. Bàlkísù rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ibi ìdáná, kò lè dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Èmi ni mo ń ti ẹnìkan sí ẹnìkejì, mò ń wí pé, "Kò sẹ́ni tó kú, àlejò ló dé, kò sẹ́ni tó kú." Wọ́n ní, "Àlejò, ẹ wá fi tapólì bò ó?"

Alhaji dá owó olówó padà. Kò gbé ohùn sókè. Ó ní, "Sàwúdátù, tú u kí wọ́n tó ránṣẹ́ pe lèmọ́mù."

Ó tú u. Ó ń ká a lọ, kò wojú ẹnikẹ́ni. Ó ká a dé ìdajì, ó dúró.

"Ìyá Bàráká, níbo lèèyàn ti lè ta tapólì, kí ọkùnrin sùn sábẹ́ rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bèèrè ẹni tó kú?"

Mo mọ̀ ọ́n bó ṣe ń sọ ọ́. Àwa méjèèjì la jọ dárúkọ Anloga.

Lẹ́yìn ìrun Mọ̀gàríbì, a tẹ̀lé ọ̀nà. Kò jìnnà sílé wa. Ọláníyọnu ń ti kẹ̀kẹ́, Sàwúdátù ru tapólì sórí, èmi ń bọ̀ lẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ti ń gbá èérún igi jọ, afẹ́fẹ́ gbogbo ń rùn pákó tútù. Kwasi, Aṣáńtí tí Sàwúdátù ń rán tapólì fún jù, dúró láàrin ìdì pákó rẹ̀, ó káwọ́ lérí.

Twi ni wọ́n sọ. Mo kọ ọ́ síbí bó ṣe yé mi.

Sàwúdátù ní, "Kwasi, máígàdí rẹ ti dé?"

"Maame, ó lọ síbi ìsìnkú ní abúlé wọn láti ọjọ́ Sátidé. Àwọn ará abúlé yẹn, òkú kan kì í tó wọn. Èmi fúnra mi ni màá sùn síbí lónìí, ìyàwó mi sì ti ní irọ́ ni mò ń pa."

"Mo mú máígàdí wá fún ọ."

Kwasi wo Ọláníyọnu, ó wo kẹ̀kẹ́, ó wo irùngbọ̀n funfun. "Bàbá yìí? Ṣé ó lè jí bí olè bá dé?"

Sàwúdátù túmọ̀ rẹ̀. Ọláníyọnu ní, "Ẹ sọ fún un pé láti ìgbà tí mo ti ń sùn nínú aṣọ, bí ewúrẹ́ bá jẹ koríko lókèèrè, mo ti la ojú."

Kwasi rẹ́rìn-ín. "Yoo, ó dáa. Eélòó ló ń gbà?"

"Ohun tí o ń fún máígàdí rẹ láàárọ̀ ni."

"Kókó àti kóósé ni mò ń fún un láàárọ̀, kí owó oṣù tó dé." Kókó ni ògì tiwa, kóósé sì ni àkàrà.

"Òun kò ní owó oṣù, ó ń lọ lọ́la. Kókó àti kóósé nìkan. Ṣùgbọ́n o máa fún un o, Kwasi. Má sọ pé bàbá àgbà ni, ojú ń tì ọ́. O gbọ́dọ̀ fún un."

Kwasi kò mọ ohun tó mú un le tó bẹ́ẹ̀ lórí kókó, ṣùgbọ́n ó gbà. Mo rí i pé ara tirẹ̀ náà fúyẹ́, ó ti ń wá kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ̀ lápò.

Sàwúdátù ta tapólì láàrin ìdì pákó méjì. Ó bu omi kẹ́tù kan dà á lórí, ó bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́ rẹ̀, ó fọwọ́ pa á. Ó ní kí Ọláníyọnu máa na àgọ́ rẹ̀. Àwọn tó ń kọjá wò wá, wọ́n sì kọjá. Ẹnìkan ní, "Máígàdí, ẹ kú alẹ́." Kò sẹ́ni tó bọ́ bàtà.

Òjò dé kí wọ́n tó pe ìrun Àsùbáà. Ó rọ̀ sórí páànù wa bí ẹni ń da òkúta. Mo gbọ́ tí Sàwúdátù kan ògiri.

"Ìyá Bàráká, ẹ ń gbọ́?"

"Mò ń gbọ́."

"Tapólì mi ló wà lórí rẹ̀."

"Tapólì rẹ ni. Kò séwu."

Síbẹ̀, bí a ti kírun tán, tí òjò sì dá, a ti dé Anloga. Bàlkísù tẹ̀lé wa. Ó ní òun fẹ́ ra èérún igi tí òun á fi dáná. Irọ́ ni, gáàsì ló ń lò.

Ọláníyọnu ti di ẹrù rẹ̀ tán. Ara rẹ̀ gbẹ, bàtà rẹ̀ pàápàá gbẹ. Ó ti ká tapólì dáadáa, ó gbé e lé orí pákó. Pákó Kwasi pé. Ó ní, "Ìyá Zàhràh, láti ìgbà tí mo ti kúrò ní Wida, n kò sun irú oorun yìí. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ onípákó. Kí oòrùn tó mú, mo fẹ́ ti wà lọ́nà Mampong."

Ó gbé ẹsẹ̀ sókè. Sàwúdátù di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú.

"Ẹ kò tíì gba iṣẹ́ yín."

"Iṣẹ́ wo?"

"Kókó."

"Háà! Ẹ má ṣe ìyọnu. Ẹ ti ṣe tó. Màá jẹun níwájú."

"Tíṣà, kí lẹ ṣe lóru àná?"

"Mo sùn ni."

"Ẹ tún un sọ. Kí lẹ ṣe?"

Ó wo èmi, ó wo Bàlkísù. Tíṣà ni, ó mọ ìgbà tí wọ́n ń bi èèyàn ní ìbéèrè tó ní ìdáhùn kan ṣoṣo. "Mo ṣọ́ pákó."

"Ẹni tó ṣọ́ pákó, wọ́n ń san án fún un. Ẹni tí wọn kò san nǹkan kan fún, àlejò Sàwúdátù tó sùn síta ni. Ẹ dúró."

Ó gbé ẹsẹ̀ sílẹ̀. Kò tún jiyàn mọ́. Ṣùgbọ́n Kwasi kò sí níbẹ̀; ó ti sun ilé, oorun sì dùn mọ́ ọn. Oníkókó kò sì tíì dé, òjò ti dá a dúró. A dúró láàrin ẹrọ̀fọ̀. Ọláníyọnu ń wo ojú ọ̀run, oòrùn ń yọ díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn àwọn ìdì pákó. Sàwúdátù kò fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀. Bí ọkùnrin yẹn bá lọ láìjẹ, gbogbo ohun tó ti tò láti àná á tú bí aṣọ tí wọn kò so ìdí òwú rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n, Bàlkísù náà mọ̀ ọ́n. Nítorí ẹ̀ ló ṣe dákẹ́, èyí tí n kò rí rí.

Àkọ́kọ́ ohun tí a gbọ́ ni ìró ṣíbí lára ìkòkò. Oníkókó yọ láti kọ́nà, ó ru ìkòkò lórí, ó ń yẹ ẹrọ̀fọ̀.

Sàwúdátù ní, "Bu ú kún! Kóósé gbígbóná ni kí o mú!"

Òun ló san án. Ó gbé e fún Ọláníyọnu pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó kúnlẹ̀ sórí èérún igi tútù. Ìkúnlẹ̀ gidi ni, orúnkún méjèèjì kanlẹ̀. Ó ní, "Máígàdí, owó iṣẹ́ yín rèé."

Ọkùnrin náà jẹ ẹ́. Ó dúró ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ jẹ ẹ́, ó fi kóósé nu ìdí igbá, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu irùngbọ̀n. Bàlkísù ti yọ fóònù, ó ti ya fọ́tò rẹ̀ tí wọ́n á fi ránṣẹ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Sàwúdátù rí i, kò bá a wí. Mo gbọ́ tó mí kanlẹ̀, bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀ láti orí.

Ọláníyọnu bá tirẹ̀ lọ.

Ó pè wá nígbà tó dé Tàmálè. Ilé tí wọ́n bí i sí ti di ilé epo. Ó ní òun pa àgọ́ sẹ́yìn rẹ̀, wọn kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ òun, òun sì sùn títí ilẹ̀ fi mọ́. Kò bínú. Ohùn rẹ̀ dùn.

Hàlímọ̀ náà pè. Ohùn fóònù wà ní gbangba, gbogbo wa ló gbọ́.

"Sàwúdátù! Mo rí fọ́tò. Ọláníyọnu ní ọjọ́ tóun dé gan-an lo wáṣẹ́ fóun. Ọmọ Gáná! Níbí, àlejò á lo oṣù mẹ́ta kí ẹnikẹ́ni tó bi í bóyá ó lè gbálẹ̀." Ohùn rẹ̀ rọ̀. "Ó ní o bọ́ òun. Ó ní o kúnlẹ̀. O ṣeun, ọmọ mi."

Sàwúdátù ní, "Ẹ ṣeun, Ìyá." Ó pa fóònù, ó padà sídìí ẹ̀rọ. Mo rí i pé ó ń rẹ́rìn-ín sí abẹ́rẹ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí Ọláníyọnu lọ, Kwasi dé nígbà tí kẹ̀kẹ́ ti yí kọ́nà. Ó gbé owó kókó lọ́wọ́, ó ń sáré, ó ń bẹ̀bẹ̀. Sàwúdátù ní òun ti san án fún un. Kwasi ní, nígbà náà òun jẹ Maame ní igbá kókó kan pẹ̀lú kóósé rẹ̀. Ó na owó sí i. Sàwúdátù kò gbà á. Ó ní kókó lòun rà, kókó lòun á gbà, gbígbóná, kí Kwasi fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e wá. Láti ìgbà náà, bí Kwasi bá ti ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀, Sàwúdátù á ní, "Kwasi, kókó mi ńkọ́?" Kwasi á ní, "Maame, lọ́la."

Kò tíì san án.